Yàrá Kejì sí Ẹnu Ọ̀nà

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Ràsáàkì fi pa irọ́ kan ṣoṣo fún ìyá rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí irọ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ má tètè bínú sí i o. Kì í ṣe òpùrọ́. Ní Ṣakí tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe, bó bá ní kóo wá mú kẹ̀kẹ́ rẹ lọ́la, lọ́la náà ni wàá bá a tó ń fi àkísà nu ún sílẹ̀ dè ọ́. Irọ́ kan yìí náà ni, gbólóhùn kan péré sì ni: "Ìyá, Ládòkun ṣì wà ní Kùmásí, ó ń bọ̀."

Ládòkun kò sí ní Kùmásí. Ládòkun, àbúrò Ràsáàkì, wà nínú ilẹ̀ ní abúlé Ìdí-Àyìn tó wà lójú ọ̀nà Ogbooro, nínú ilé tí bàbá wọn kọ́, nínú yàrá kejì sí ẹnu ọ̀nà. Ràsáàkì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Gánà ní kí àwọn ará wa palẹ̀ ẹrù mọ́ kí wọ́n máa lọ sílé, ojoojúmọ́ ni lọ́rì ń já ènìyàn àti ẹrù sílẹ̀ káàkiri Òkè-Ògùn. Ládòkun bọ́ sílẹ̀ ní Ìdí-Àyìn nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1970. Kò mọ̀ pé bàbá àwọn ti kú ní Ṣakí ní ogún ọjọ́ ṣáájú, kò sì mọ̀ pé inú opó ni ìyá àwọn wà níbẹ̀. Ilé tó mọ̀ ló lọ. Ikọ́ tó kó bọ̀ lójú ọ̀nà kò jẹ́ kó lè jókòó, kò jẹ́ kó lè dùbúlẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ràsáàkì láti Ṣakí, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ni Ládòkun lò. Ní ọjọ́ kẹta, kí oòrùn tó kàn án lórí, ó kú mọ́ Ràsáàkì lọ́wọ́.

Bàbá Ọdẹ́bọ̀dé, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ló pàṣẹ. Ọdẹ ni bàbá náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Obìnrin tí kò tí ì lo oṣù kan nínú opó, ta ló fẹ́ lọ bá a kó sọ fún un pé àbíkẹ́yìn rẹ̀ tún ti lọ? Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Ẹ jẹ́ kó yọ opó ná." Ni wọ́n bá sin Ládòkun sínú yàrá tó ń sùn nígbà ọmọdé rẹ̀. Àwọn ará abúlé mọ̀, wọ́n sì pa ẹnu wọn mọ́, nítorí lọ́dọ̀ wa, ikú ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń já lu òbí tó ti dàgbà. Òbí kì í sì í mojú ibi tí a sin ọmọ rẹ̀ sí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èèwọ̀ ni.

Ìyá yọ opó. Ọdẹ́bọ̀dé ní ká jẹ́ kí wọ́n kórè tán. Wọ́n kórè tán, ó ní ká jẹ́ kí ààwẹ̀ kọjá. Ààwẹ̀ kọjá, ó tún rí nǹkan mìíràn sọ. Nígbà tó yá, òun náà kú, ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà ka Ràsáàkì lórí bí ẹrù tí kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́. Ràsáàkì kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan Ìdí-Àyìn mọ́. Lónìí, odò kún. Lọ́la, ejò pọ̀ níbẹ̀. Ilé ọ̀hún ṣófo, ikán jẹ òrùlé rẹ̀, òjò sì fọ ògiri rẹ̀ wálẹ̀.

Àfi ìgbà tí ọdún 1981 kù sí dẹ̀dẹ̀ tí Ìyá Ràsáàkì, Àsíátù, gbé ọ̀rọ̀ dé. Ó ní òun fẹ́ padà sí Ìdí-Àyìn.

"Ilé yẹn ti wó, Ìyá."

"Ṣé ọwọ́ tìrẹ náà wó mọ́ ọn ni? Tún un kọ́."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Gbogbo wa kọ́ la wà níhìn-ín yìí?"

Ìyá fi ọwọ́ tọ́ka sí ìta, níbi tí àwọn mọ́tò ti ń fọn fèrè lu ara wọn. "Etí mi ń dun mí. Lọ́nà kejì, ilé yìí, Ládòkun kò mọ̀ ọ́n. Ìdí-Àyìn ló mọ̀. Bó bá dé tí kò bá ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ṣé kó jókòó sórí àlàpà ni?"

Ràsáàkì gbìyànjú títí, ó rán àwọn ààfáà sí i, ó rán ìyàwó rẹ̀ sí i. Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Oúnjẹ ni kò jẹ mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tó ń mu omi nìkan, Ràsáàkì ní òun gbà.

Ẹ wá wo ìdààmú tó wà níbẹ̀. Òkú kò ṣe é gbé kúrò, nítorí ẹni tó bá hú u yóò ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ìyá kò sì gbọ́dọ̀ sùn lórí ọmọ rẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n kọ́ ilé náà, kí yàrá kejì sí ẹnu ọ̀nà sì di ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní í sùn. Ó wá ọ̀mọlé kan ní Ogbooro tó ń jẹ́ Ọ̀ṣuntókun, ẹlẹ́rìn-ín ọkùnrin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti funfun láti ara amọ̀ tó ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n jọ dúró níwájú òkìtì tí ilé náà ti dà, pẹ̀lú koríko tó ga dé àyà. Òpó ilẹ̀kùn kan ló ṣì dúró. Ibẹ̀ ni Ràsáàkì ti kà á, ọ̀kan, èjì. Yàrá mẹ́rin ni ilé náà ní tẹ́lẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn.

"Yàrá kejì sí ẹnu ọ̀nà," ó ní, "iṣu la ó máa kó sí i. Má lù ú nílẹ̀, má rẹ́ ẹ."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ kejì?"

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ká ní ó sọ ìdí rẹ̀ fún Ọ̀ṣuntókun nìkan lọ́jọ́ yẹn, ì bá má sí ìtàn tí mò ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n irọ́ ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó padà sí Ṣakí, alùpùpù oníbàárà kan sì wó lù ú lẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ni kò bá lè jáde nílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀ṣuntókun ń bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Ó fọ́ àlàpà àtijọ́, ó bu omi sí i, ó tẹ̀ ẹ́ kúnná, ó sì ń mọ ọ́n ní ipele ní ipele, ó ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó gorí rẹ̀. Amọ̀ ilé àtijọ́ náà ló padà di ilé tuntun.

Nígbà tí Ràsáàkì lè fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, ìyá rẹ̀ ti di ẹrù. Kò gbà kó kọ́kọ́ dá lọ wò ó. Wọ́n jọ wọ lọ́rì ni, ẹní, ìkòkò àti adìẹ mẹ́ta lẹ́sẹ̀ wọn. Bí wọ́n ṣe ń yà kúrò lójú ọ̀nà ni Ràsáàkì rí páànù tó ń dán nínú oòrùn, ó sì rí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà kọjú sí wọn gan-an. Ti tẹ́lẹ̀, gábàsì, níbi tí oòrùn ti ń yọ, ló kọjú sí.

Ó fa Ọ̀ṣuntókun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ní kóo yí ojú ilé padà?"

"Ṣé ẹ kò rí ọ̀nà tuntun tí katakata là ni? Ta ló ń kọ́ ilé tó máa kẹ̀yìn sí títì? Tọ́ọ̀, ẹ tún wo tibí. Yàrá mẹ́rin ti pọ̀ jù fún arúgbó kan, mo sọ ọ́ di mẹ́ta gbàràmù-gbaramu. Ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹ ti wí o! Yàrá kejì sí ẹnu ọ̀nà, iṣu ló wà níbẹ̀, n kò rẹ́ ẹ." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ọpẹ́.

Ràsáàkì wọlé. Ó tún un kà láti apá ọ̀tún, ó kà á láti apá òsì. Ilẹ̀ dán, ògiri dán, kò sí ohun kan tí ojú rẹ̀ lè dì mú. Ládòkun lè wà lábẹ́ ògiri. Ó lè wà lábẹ́ iṣu. Níbi tó ti dúró tó ń wò sùn-ùn bí ẹni tí ọgbọ́n tán nínú rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti yàrá tó kẹ́yìn.

"Ibí ni tèmi! Ibí tutù."

Ohun tí ilé náà fi ojú Ràsáàkì rí láti ọjọ́ yẹn, èmi kò mọ irú orúkọ tí ẹ ó pè é. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá láti Ṣakí wá wo Ìyá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ká aṣọ sórí ẹní nínú yàrá àbáwọlé, ó fẹ́ rẹjú díẹ̀ nínú ooru ọ̀sán. Ó gbọ́ ikọ́. Ikọ́ gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta, yàrá Ìyá ló ti wá. Ó dìde, ó yọjú síbẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni. Ìta ni Ìyá wà, lábẹ́ igi àyìn, ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ wúkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Inú ilé ni mo ti gbọ́ ọ. Mo rò pé ìwọ ni."

Ràsáàkì kò sùn mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Nínú yàrá Ìyá, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibì kan jìn wọlẹ̀ níwọ̀n ìka kan. Ọ̀ṣuntókun wá, ó fi amọ̀ dí i, ó lù ú dáadáa, ó fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún ti rì. Ó tún un ṣe, ó sì tún rì. Ilẹ̀ yòókù gbẹ táútáú, ó funfun, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dúdú, ó tutù, bí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àmù kúrò. Ọ̀ṣuntókun wo gígùn ibẹ̀, ó wo Ràsáàkì lójú, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé.

Gígùn rẹ̀ tó ènìyàn. Ràsáàkì kò nílò kí ẹnikẹ́ni ka yàrá fún un mọ́.

Ẹ ò sì rí nǹkan! Ibẹ̀ gan-an ni Ìyá tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Ó ní ooru oṣù Ẹrẹ̀nà kì í jẹ́ kí òun sùn ní Ṣakí, pé níhìn-ín òun ń sùn bí ọmọ ọwọ́. "Ó gbà mí déédéé," ó ń sọ fún Ràsáàkì, ó ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀ náà, "bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún mi. Nígbà mìíràn, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan ń mí lábẹ́ etí mi. Kò bà mí lẹ́rù. Ó ń ṣe mí bí ìgbà tí mo ṣì ń tọ́jú yín."

Àánú rẹ̀ ṣe Ràsáàkì, ẹ̀rù bà á, ojú tì í, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ń sanra, ẹ̀rín rẹ̀ ti padà, orí ọmọ rẹ̀ ló sì ń sùn lé. Ràsáàkì gbé bẹ́ẹ̀dì onírin wá láti Ṣakí, ó gbé e sí yàrá àbáwọlé. Ìyá kó aṣọ lé e lórí. Ràsáàkì kó iṣu jáde, ó ní kí Ìyá bọ́ sí yàrá àárín.

"Yàrá iṣu? Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé mo ti di iṣu ni?"

"Ìyá, ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn kò dára fún eegun yín."

"Eegun mi ló ní kí n sùn níbẹ̀. Ràsáàkì, kí ló ń lé ọ? Láti ìgbà tí mo ti dé ibí lojú rẹ kò ti dúró sójú kan. Bó bá ní ohun tó wà níbẹ̀, sọ ọ́."

Ràsáàkì ní kò sí nǹkan. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí Ṣakí, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó kírun tán ní Ṣakí kó tó gbéra. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ló rí bàtà Ọ̀ṣuntókun lẹ́nu ọ̀nà. Ó fura. Ó bá wọn nínú yàrá Ìyá. Wọ́n ti ká ẹní kúrò. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa ilà sílẹ̀ yí ibi tó rì náà ká. Ọ̀ṣuntókun mú dígà lọ́wọ́, òógùn bò ó, inú rẹ̀ kò sì dùn.

"O ṣeun tóo dé," Ìyá wí. "Mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá gbẹ́ ibojì mi sílẹ̀ dè mí. Ibí ni kí ẹ sin mí sí, ẹ má gbé mi lọ sí Ṣakí láàárín mọ́tò. Ẹ kánjú gbẹ́ ti bàbá yín, kò jìn. Tèmi, mo fẹ́ rí i pẹ̀lú ojú mi pé ó jìn dáadáa."

"Mo ti sọ fún wọn pé kí n lọ wá ẹlòmíràn," Ọ̀ṣuntókun wí wúyẹ́wúyẹ́.

"Kí lo tún ń wá ẹlòmíràn sí? Gbẹ́ ẹ!"

Ọ̀ṣuntókun wo Ràsáàkì. Ọkùnrin náà gbé dígà sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò dún bí ilẹ̀ líle. Ó wọlẹ̀ ṣìì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èèkù.

"Fi í sílẹ̀!" Ràsáàkì kígbe. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ó ti dì mọ́ dígà náà. "Kò sí àyè níbẹ̀, Ìyá. Kò sí àyè níbẹ̀."

Ọ̀ṣuntókun fi dígà sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde, kò mú bàtà rẹ̀.

"Ta ló gba àyè mi?" Ìyá béèrè.

Ràsáàkì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. "Ó ti dé, Ìyá. Ó ti dé tipẹ́. Ẹ wà nínú opó nígbà náà. Ikọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbí."

Ìyá dìde lórí àpótí, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lórí ilà tó fà, ó sì yára gbé e kúrò bí ẹni tó tẹ iná. Ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ọmọ mi. Orí ọmọ mi ni mo ń sùn lé."

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá."

"Ọdún mọ́kànlá! Ìwọ Ràsáàkì! Gbogbo ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Gánà ni mò ń sáré tọ̀. Mo di elùbọ́, mo di aṣọ, mo ní kí wọ́n bá mi gbé e fún un. O sì ń wò mí! O tún ń bá mi so ó lókùn!" Ó fi ọwọ́ lu àyà rẹ̀. "Ṣé o rò pé yóò pa mí ni? Mo sin ọmọ mẹ́ta kí n tó bí ẹ̀yin méjèèjì. Ta ló sọ fún ọ pé èmi ò lè sunkún kí n sì yè?"

Ràsáàkì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n. Nígbà tí Ìyá tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ṣé omi gbígbóná ni?"

Ràsáàkì ṣì lè purọ́. Ó wà lẹ́nu rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni", gbólóhùn kékeré. Ó gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀. "Rárá, Ìyá. Bàbá Ọdẹ́bọ̀dé ní ká yára, kí ẹnikẹ́ni tó gbéra lọ sí Ṣakí. A kò dáná. Omi inú àmù ni."

"Nínú ọyẹ́?"

"Nínú ọyẹ́, Ìyá."

Ìgbà yẹn ni Ìyá tó bú sẹ́kún. Ó sun ún gan-an, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń pe Ládòkun ní oríkì rẹ̀. Ó ní ọmọ tí eyín rẹ̀ máa ń lu ara wọn bí omi tútù bá ta sí i lára, ọmọ tó jẹ́ pé títí ó fi ń lọ sí Kùmásí, òun ló ń bá a ṣe omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ó sunkún títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Lẹ́yìn náà, ó fi gèlè nu ojú, ó dìde, ó jáde lọ sí ìdí àdògán.

Ràsáàkì gbọ́ bó ti ń ṣẹ́ igi. Ó gbọ́ bó ti ń fẹ́ná. Kò mọ ohun tó ń ṣe, kò sì láyà láti béèrè. Nígbà tó pẹ́, Ìyá padà wọlé, ó gbé igbá omi tó ń rú èéfín, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò bí a ti ń ṣe fún ọmọ tuntun, ó sì bu omi tútù díẹ̀ lé e.

"Níbo ni orí rẹ̀ wà?"

"Ìyá, èyí kò sí nínú ẹ̀sìn—"

"Mo ní níbo ni orí rẹ̀ wà?"

Ràsáàkì rá kòrò dé ibẹ̀, ó fi ọwọ́ hàn án. Ìyá kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi náà díẹ̀díẹ̀, láti ibi orí, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ń fa omi náà mu. Ó ṣe èjìká, ó ṣe àyà níbi tí ikọ́ ti mú un, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé orúnkún, igbá gbẹ.

"Ẹsẹ̀ ṣì kù," ó wí, ó na igbá sí Ràsáàkì.

Ràsáàkì gbà á, ó sì jáde lọ bu omi sí i.